Ẹgbẹ́ Olórin BLO (1972–1982) àti Ọ̀ràn Àfarawé Nínú Orin Èkó

Ìfáárà

Láàrin àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ orin ní ilẹ̀ Yorùbá, ó ti di àṣà láti pín àwọn olórin ìlú Èkó sí ọ̀wọ́ méjì. Ọ̀wọ́ kìíní ni ti àwọn tí wọ́n gbà pé orin wọn ní gbòǹgbò, ìyẹn oníjùjú, alápàlà, oníṣákárà àti onífújì. Ọ̀wọ́ kejì ni ti àwọn tí wọ́n ń pè ní aláfarawé: àwọn ọ̀dọ́ tó gbé gìtá oníná kọ́rùn láti àárín àwọn ọdún 1960, tí wọ́n jẹ́ kí irun orí wọn kún bí igbó, tí wọ́n sì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọrin. Lórí ọ̀wọ́ kejì yìí, ìdájọ́ kì í pẹ́ rárá. Wọ́n á ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ, ọ̀rọ̀ á sì bùṣe.

Ohun tí ìdájọ́ yìí fi sílẹ̀ láìwò kò kéré. Bí ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ àti àṣà Yorùbá bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ orin kan nítorí èdè tí wọ́n fi kọ ọ́, kò ní sí bí yóò ṣe ṣàlàyé àwọn ìyípadà tó ti ara orin bẹ́ẹ̀ wọ inú orin tí òun gan-an gbà pé ó jẹ́ ti Yorùbá. Àpilẹ̀kọ yìí tọpa iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, BLO, láti ọdún 1972 tí wọ́n dá a sílẹ̀ títí di 1982 tó túká. Èrò tó gbé e ró ni pé ìdájọ́ àfarawé kò tọ̀nà ní ti ìlù ẹgbẹ́ náà, ó tọ̀nà díẹ̀ ní ti gìtá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà pátápátá ní ti ọ̀rọ̀ orin. Ẹni tó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ṣe ìdájọ́ kan kò tíì gbọ́ orin náà.

Wharf Road, ọdún 1973

Wharf Road ní Àpápá ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Òun ni títì tó lọ sí èbúté. Láti ìgbà tí ìjọba amúnisìn ti kọ́ ibi ìgúnlẹ̀sí ọkọ̀ òkun sí Àpápá ní àwọn ọdún 1920, ọ̀pọ̀ ohun tó bá ti òkè òkun wá, ibẹ̀ ló ń gbà wọ Èkó: ìyẹ̀fun, sìmẹ́ǹtì, panla, mọ́tò, ó sì kan gìtá pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ru ẹrù náà, Ajégúnlẹ̀ tó wà nítòsí ni wọ́n ń sùn, níbi tí Ìjọ, Urhobo, Íbò àti Yorùbá ti ń pọn omi nínú ẹ̀rọ kan náà. Ní Wharf Road yìí ni ilé-iṣẹ́ EMI ní sítúdíò rẹ̀ sí.

Ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án ọdún 1973, Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn Beatles tẹ́lẹ̀, wá sí sítúdíò yìí pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Linda àti Denny Laine láti gba orin tó di àwo Band on the Run sílẹ̀. Méjì nínú àwọn olórin rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra rárá. Ohun tó bá níbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn: ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan ṣoṣo, Studer tó lè gba ohùn mẹ́jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àti tábìlì ìdarí ohùn tó ti ń ṣe ségesège. Lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn olè dá òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́nà, wọ́n sì gba téèpù tó kọ àwọn orin tuntun rẹ̀ sí. Fẹlá náà bá a dé sítúdíò, ó fẹ̀sùn kàn án pé orin aláwọ̀ dúdú ló wá jí. Èsì McCartney ni pé ó gbé orin tó ti gbà sílẹ̀ fún Fẹlá gbọ́, kí ó lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé kò sí ohun Áfíríkà nínú rẹ̀.

Ìtàn yìí ni ayé mọ̀ nípa sítúdíò Wharf Road. Àwọn tó ń sọ ọ́ kì í sábà fi kún un pé ní ọdún 1973 kan náà ni EMI gbé Chapter One jáde, àwo àkọ́kọ́ tí BLO ṣe. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín bí ènìyàn bá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n fẹ̀sùn kan Òyìnbó pé ó wá kó ohun Áfíríkà lọ, ó sì fi hàn pé òun kò mú nǹkan kan. Wọ́n fẹ̀sùn kan ọmọ Èkó pé ohun Òyìnbó ló kó wá, ẹnikẹ́ni kò sì ní kí ó gbé orin rẹ̀ wá kí wọ́n gbọ́ ọ.

Bí wọ́n ṣe pàdé

Lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn mẹ́ta tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni wọ́n kó jọ fi sọ ọ́ lórúkọ: Berkley Jones tó ń ta gìtá, Láolú Akíntóbi, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Laolu Akins, tó ń lu ìlù òyìnbó, àti Mike Odùmósù tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Wọn kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n pàdé. Ẹgbẹ́ the Clusters, tó gbajúmọ̀ ní Èkó ní àwọn ọdún 1960, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ yẹn kò ṣe é jiyàn lé lórí: orin àwọn Beatles àti irú wọn ni wọ́n ń kọ, bí ó bá sì ti jọ ti inú rẹ́kọ́ọ̀dù tó ni àwọn tó wá jó ṣe ń pàtẹ́wọ́ tó. Bí lámèyítọ́ kan bá pe èyí ní àfarawé, ó pè é ní orúkọ rẹ̀.

Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Kí ọdún náà tó parí, James Brown wá sí Nàìjíríà, orin sóòlù sì gba ìgboro. Ní ọdún 1971, Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream ti ìlú Òyìnbó, wa mọ́tò la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Èkó, ó bá Fẹlá ṣeré, ó sì kọ́ sítúdíò ARC sí Ìkẹjà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1973. Àwọn ọmọ the Clusters tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sínú Afro Collection nígbà yẹn, níbi tí wọ́n ti bá àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé, ṣiṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni Baker ti mú wọn wọ ẹgbẹ́ Salt tó dá sílẹ̀. Salt ló gbé àwọn ìbejì náà dé Munich ní ọdún 1972, ní àkókò ìdíje Òlíḿpíìkì. Salt kò pẹ́ tó fi túká. Nígbà tí ọdún 1972 ń parí lọ, BLO ti dúró fúnra rẹ̀.

Ó yẹ kí ènìyàn dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Baker yìí. Onílù tó lókìkí jù lọ nínú orin rọ́ọ̀kì nígbà náà fi ilé sílẹ̀, ó wá sí Èkó nítorí ìlù. Àwọn tó bá níbẹ̀ ti ń fi ìlù òyìnbó dárà tí òun fẹ́ kọ́. Nígbà tí Láolú Akíntóbi sì jókòó sídìí ìlù kan náà nínú BLO, àwọn kan ní Baker ló ń fara wé. Ta ló wá ń fara wé ta?

Ìlù

Nínú ọ̀wọ́ dùndún, iṣẹ́ onílù kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Òun ló ń ki ọlọ́lá, òun ló ń pa òwe, òun ló sì ń darí àwọn yòókù. Gúdúgúdú àti àwọn ìlù tó ń gbè é kì í sọ ọ̀rọ̀ tó gùn. Ohun kan náà ni wọ́n ń lù ní àlùtúnlù, tí ọ̀kan ń wọ inú àlàfo tí èkejì fi sílẹ̀, títí eré yóò fi parí. Akin Euba ṣàlàyé ètò yìí ní kíkún nínú ìwé rẹ̀ lórí dùndún tó jáde ní 1990. Orin rọ́ọ̀kì ti ìlú Òyìnbó ń gba ọ̀nà mìíràn. Ìlù inú rẹ̀ ń ka ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó ń tẹ ìkejì àti ìkẹrin mọ́lẹ̀ gidi, tí orin bá sì fẹ́ bọ́ láti ẹsẹ kan sí òmíràn, yóò dà wìrìwìrì láti kéde rẹ̀.

Ẹni tó bá fi ara balẹ̀ gbọ́ Chapter One yóò kíyè sí i pé ètò kejì yìí ló wà lójú, ètò kìíní ló wà nínú. Ẹsẹ̀ onílù ń ka mẹ́rin bí rọ́ọ̀kì ṣe fẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe nǹkan mìíràn: àlùtúnlù kúkúrú kan tó ń yí po, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ka ibi tí ẹsẹ orin parí sí kún, bí ìgbà tí onígúdúgúdú kò bìkítà bóyá ìyáàlù ti dé òpin òwe rẹ̀ tàbí kò tíì dé e. Gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ti Odùmósù kò tẹ̀ lé gìtá ńlá náà gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ nínú rọ́ọ̀kì. Ìlù ló bá lọ. Ó ń sọ ohùn mẹ́ta mẹ́rin kan náà léraléra, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ìlù láti fọhùn nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ ọmọ Èkó fi lè jó orin yìí láìmọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí orí Òyìnbó tó gbọ́ ọ sì ń mì sí ibòmíràn.

Wọn kò kó sákárà tàbí gángan wọ inú ẹgbẹ́ láti fi hàn pé ọmọ Yorùbá ni àwọn. Èyí gan-an ló mú kí ẹ̀rí náà lágbára. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìgbà náà ló máa ń mú onílù kan wá sórí ìtàgé bí ẹni mú ère wá sí àfihàn, tí yóò lu díẹ̀ láàrin orin, tí yóò sì padà jókòó. BLO jẹ́ ènìyàn mẹ́ta péré. Bí ètò ìlù ilẹ̀ wa bá máa wà nínú orin wọn, inú ìlù òyìnbó náà ló gbọ́dọ̀ ti jáde, ibẹ̀ ló sì ti jáde.

Gìtá

Bí ìlù òyìnbó bá ti gba ipò gúdúgúdú, tí gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ sì ń gbè é lẹ́yìn, àga ìyáàlù ló kù sílẹ̀. Gìtá Berkley Jones ló jókòó sórí rẹ̀. Ó ní agbára tó tó bẹ́ẹ̀. Ó ń kùn, ó ń họ, ó ń ké, ó ń lo àwọn ẹ̀rọ àfẹsẹ̀tẹ̀ tó ń lọ́ ohùn gìtá bí ìgbà tí a ń fún ọṣán dùndún mọ́ra. Jimi Hendrix ló kọ́ gbogbo ayé ní èyí, ó sì hàn pé Berkley wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Nínú èyí, ẹ̀sùn àfarawé ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlò rẹ̀ yàtọ̀ ní ibi kan: gìtá Hendrix máa ń sáré kúrò lára ìlù, ti Berkley kì í jìnnà sí i. Lẹ́yìn ìró gígùn kan, yóò padà wá sórí àlùtúnlù, yóò dúró níbẹ̀ díẹ̀, kí ó tó tún lọ.

Àbùkù gìtá yìí wà níbòmíràn. Ìyáàlù tó bá jókòó sórí àga rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò sọ. Etí tó bá gbọ́n yóò gbọ́ orúkọ, oríkì tàbí èébú nínú rẹ̀. Gìtá BLO ní ohùn ìyáàlù, kò ní ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí ni ì bá sì máa sọ? Ìyáàlù ń fi ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ti èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ ni. Bí olórin kò bá kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, kò sí ọ̀rọ̀ tí ohun èlò lè gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orin

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ní ọdún 1953, T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Kàtídírà ní Èkó, gbé ìwé jáde lórí orin Yorùbá. Ọ̀kan nínú ohun tó dun àwọn onímọ̀ bíi tirẹ̀ ni orin ìyìn tí àwọn míṣọ́nnárì túmọ̀. Wọ́n mú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ̀ ọ́ nínú láìwo ohùn ọ̀rọ̀. Bí orin bá rẹ ohùn sílẹ̀ níbi tí ó yẹ kí ó gòkè, ìlú á di ìlù lẹ́nu ìjọ. Ẹni tó bá dàgbà sí inú irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ènìyàn lè kọ orin fún ogún ọdún kí ó tó mọ ohun tó ń sọ.

BLO àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà tó lòdì sí ti míṣọ́nnárì. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí ìlù tó ti gbà ti ilé. Ọ̀rọ̀ náà kò bàjẹ́, nítorí pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn tí orin lè ṣì gbé. Olórin wà ní òmìnira láti gbé ohùn sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bó ṣe wù ú. Òmìnira yìí ni wọ́n rà, ohun tí wọ́n sì fi rà á ni ìwúwo ọ̀rọ̀. Àwọn orin inú Chapter One ń sọ̀rọ̀ nípa oníwàásù, nípa oòrùn, nípa àríyá, pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí California lè fi sọ ọ́ láìyí nǹkan kan padà. Kò sí orúkọ àdúgbò, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú títì tí sítúdíò EMI wà.

Chant to Mother Earth ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Nínú àwo náà, òun ni orin tó dára jù: ó ń rọra lọ, gìtá ń fò lókè, ohùn àwọn akọrin ń gùn bí ẹni ń wúre. Ìyá tí àkọlé rẹ̀ ń pè kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ Ọ̀gẹ́rẹ́ ni. Òun ni a ń mulẹ̀ níwájú rẹ̀, òun ni Ògbóni ń bọ, òun ni a ń ta omi sí kí a tó mu. Ó ní oríkì tó lè kún àwo orin méjì. Ẹgbẹ́ tó ní ìlù tó yẹ fún un, tó ní ohùn tó yẹ fún un, wá pè é ní orúkọ tí ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè ń pè é. Kò sí ibòmíràn tí àfarawé ti dunni tó èyí nínú gbogbo iṣẹ́ wọn.

Ẹnìkan lè dáhùn pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe fáàrí lásán nígbà náà, ìdáhùn náà sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Èkó ọdún 1972 jẹ́ ìlú tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára rẹ̀. Àwọn tó ń wá wo rọ́ọ̀kì kì í ṣe Yorùbá nìkan, èdè tí kì í ṣe ti ẹ̀yà kankan sì lè dà bí ilẹ̀ tí gbogbo wọn lè dúró lé lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹta ti wà ní gbangba. Ní ọdún 1972 kan náà, Fẹlá fi Gẹ̀ẹ́sì àdàmọ̀dì kọ Lady, tí Íbò, Ìjọ àti Yorùbá gbọ́ bákan náà, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń run ìgboro. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ bíi Daddy Showkey dá orin tí wọ́n ń pè ní galala sílẹ̀, èdè yẹn náà ni wọ́n mú, wọ́n sì fi dárúkọ àdúgbò wọn. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ wá gbòǹgbò.

Àwọn ìbejì Lijadu tilẹ̀ fi hàn pé ó ṣe é ṣe ní èdè Yorùbá gan-an. Láàrin 1976 àti 1979 wọ́n ṣe àwo mẹ́rin fún Afrodisia, pẹ̀lú Biddy Wright tó ń lo oríṣiríṣi ohun èlò fún wọn. Gìtá àti ìlù inú wọn bá ti BLO tan. Nínú Horizon Unlimited ti ọdún 1979, Orere Elejigbo wà, orúkọ tí ọmọ Yorùbá mọ̀ láti inú àlọ́ alẹ́. Gìtá kò sá fún un, ìlù kò sì kọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé irú orin yìí kò lè gba èdè Yorùbá kò lè rí ẹ̀rí fi gbè é.

Ohun tó kù nínú ọdún mẹ́wàá náà

Lẹ́yìn Chapter One, BLO kúrò lọ́dọ̀ EMI, wọ́n bọ́ sọ́dọ̀ Afrodisia, tí í ṣe ti ilé-iṣẹ́ Decca. Phase II jáde ní 1975. Gìtá ti rọ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀, orin fọ́ńkì ti ń wọlé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Odùmósù lọ bá Osibisa ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ Ghana bí Teddy Osei dá sílẹ̀ ní 1969, tó sì ti lókìkí káàkiri ayé. Biddy Wright ló gba ipò rẹ̀. Lẹ́tà O ṣì wà nínú orúkọ ẹgbẹ́, ẹni tó ni ín ti lọ. Láti ìgbà yẹn, àwo tẹ̀ lé àwo, dísíkò sì borí. Àwo kan tó jáde nígbà tí ẹ̀wádún náà ń parí lọ ń jẹ́ Bulky Backside. Ẹni tó bá gbọ́ àkọlé yìí ti mọ ibi tí Ìyá Ilẹ̀ já sí. Back in Time ti ọdún 1982 ni ìkẹyìn.

Kì í ṣe pé ọgbọ́n tán lórí wọn. Ètò tí olórin fi ń jẹun ní Èkó kò ṣí àyè sílẹ̀ fún irú wọn. Oníjùjú ní àwọn ọdún 1970 ní ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, lẹ́yìn, gbogbo wọn sì ń rí oúnjẹ jẹ, nítorí pé òde àríyá ni wọ́n ń lọ. Owó epo rọ̀bì pọ̀ lẹ́yìn 1973, ọlọ́lá ń ṣe òkú, ó ń ṣílé, ó ń jẹ oyè, oníjùjú ń kì í, owó ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí. BLO kò ní oríkì ẹnikẹ́ni. Tíkẹ́ẹ̀tì àti àwo nìkan ni wọ́n ń tà, gìtá àti ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò sì ń ti ojú omi wá. Èdè tí wọ́n yàn kò ba ọ̀rọ̀ orin jẹ́ nìkan, ó sé ọ̀nà ọjà mọ́ wọn: kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi Gẹ̀ẹ́sì ki ọmọ ọlọ́lá kí orí rẹ̀ wú.

Àwọn tó ń fi jùjú dá BLO lẹ́jọ́ máa ń gbàgbé bí jùjú náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, báńjò ni Túndé King ń ta. Báńjò ti òkè òkun wá, bẹ́ẹ̀ ni tanborínì tó ń bá a rìn. Gángan kò wọ inú jùjú títí di nǹkan bí 1948, nígbà tí Àkànbí Ẹ̀gẹ́ mú un wọlé, gìtá oníná sì wọlé ní ìgbà tó sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn wọn ni I. K. Dairo fi àkọ́díọ̀nù kún un. Christopher Waterman kọ ìtàn yìí sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí jùjú ní 1990. Ó ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kí ohun èlò àjèjì tó bá ìlù tó ń sọ̀rọ̀ pàdé nínú jùjú. Ohun tó mú jùjú yè títí ìgbà náà ni pé láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti ń fi Yorùbá kọ ọ́. Ohun èlò lè jẹ́ àlejò fún ìgbà pípẹ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti jẹ́ onílé. BLO mú ìlù onílé, ó sì fi ọ̀rọ̀ àlejò lé e lórí. Ọdún mẹ́wàá kò tó láti yí ìyẹn padà.

Ní 1982, ọdún tí BLO túká, King Sunny Adé gbé Juju Music jáde pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Island, orin Yorùbá sì dé ibi tí àwọn ọmọ rọ́ọ̀kì Èkó ti ń fẹ́ dé. Ìtàn lè parí síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó ń sọ ọ́ sì ń parí rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Láolú Akíntóbi kò kúrò nídìí orin. Ó di olùgbéjáde, ẹni tó ń jókòó sídìí tábìlì ìdarí ohùn nígbà tí ẹlòmíràn ń kọrin. Ní 1989, òun ló ṣe àgbéjáde Ace fún Shina Peters lọ́dọ̀ CBS, àwo tó sọ orin Afro-Juju di ohun tí ọmọdé àti àgbà ń jó káàkiri ilẹ̀ Yorùbá àti kọjá rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Ace lẹ́yìn Chapter One yóò dá nǹkan kan mọ̀. Ìlù òyìnbó wà nínú Ace, ó yára, ó ń yí po, ó sì tẹ́lẹ̀ fún gbogbo orin náà. Gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ bá ìlù lọ. Lórí wọn ni gángan wà, tó ní ọ̀rọ̀ Yorùbá láti sọ. Àga ìyáàlù tó ṣófo ní 1973 ti ní ẹni tó jókòó sí i.

A kò gbọdọ̀ sọ èyí di àsọdùn. Shina Peters ti jẹ́ oníjùjú fún ọdún pípẹ́ kí ó tó pàdé Láolú, Fẹlá náà sì wà nínú orin rẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, lámèyítọ́ tó bá ka Ace sí ara orin Yorùbá, tó sì lé Chapter One síta, gbọ́dọ̀ sọ ibi tí òun rò pé ẹni tó ṣe àgbéjáde rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́.

Ewu mìíràn ti ń bọ̀ láti ìdà kejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ ní òkè òkun ti ń tún àwo BLO tẹ̀. Wọ́n kó àwọn kan jọ sínú èyí tí wọ́n pè ní Phases 1972–1982. Àwọn tó ń rà á fẹ́ràn gìtá náà, wọ́n sì ń fi orúkọ orin àwọn amugbó ìlú Òyìnbó pè é. Ní tiwọn, BLO dára nítorí pé ó jọ Hendrix. Ní ti àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lù ú nílé, ó burú nítorí ohun kan náà. Ọ̀wọ́ méjèèjì kò gbọ́ ìlù. Nínú àwọn orin ìgbà Afrodisia, ọ̀kan wà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ báyìí: Atide. Wọ́n so ó pọ̀ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò ní àmì ohùn lórí. Ẹni tó ra àwo náà ní Lọ́ńdọ̀nù lè rò pé orúkọ obìnrin ni tàbí ti ìlú kan. Gbólóhùn odidi ni, ọmọ Àpápá tó bá kà á kò ní béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: A ti dé.